Ọmọ Agẹmọ Nínú Ilé: Ohun Tó Ń Sọ Egungun Rẹ̀ Di Rírọ̀ àti Ìtọ́jú Tó Yẹ Ẹ́

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé agẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ ọ́n jó kù sọ́wọ́ ọmọ agẹmọ. Bó ṣe rí nínú igbó gan-an nìyẹn. Abo agẹmọ, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀gà, a gbẹ́lẹ̀, a yé ẹyin sínú ihò, a fi erùpẹ̀ bò ó, a sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti pa ló ti ń ṣọdẹ kòkòrò fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá mú ọmọ náà kúrò lórí igi, tí ó gbé e wọlé láti máa sìn ín, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó mú un wálé ni ijó náà kù sí lọ́wọ́.

A rí i pé ó yẹ kí a la ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn ará ìpínlẹ̀ wa, pàápàá àwọn òbí tí ọmọ wọn fẹ́ràn láti máa sin ẹranko, nítorí pé ebi nìkan kọ́ ló ń pa ọmọ agẹmọ tí a ń sìn. Ó lè máa jẹun yó lójoojúmọ́ kí egungun rẹ̀ sì máa rọ̀.

Kálísíọ̀mù ni egungun fi ń le. Ìrẹ̀, tata àti aáyán tí agẹmọ ń jẹ kò ní èròjà yìí tó. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù nínú ara wọn, bí ó bá sì ti pọ̀ ju kálísíọ̀mù lọ, ara kì í rí kálísíọ̀mù lò bó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kò lè ṣe aláìní in, nítorí òun ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́. Ara yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ láti inú egungun. Ọmọ tó ń dàgbà kíákíá ni èyí ń tètè hàn lára rẹ̀.

Oòrùn ni nǹkan kejì. Nígbà tí ìtànṣán oòrùn tí a ń pè ní UVB bá kan awọ agẹmọ, ara rẹ̀ a fi ṣe fítámì D3, fítámì yìí ló sì ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ wọ ara. Gíláàsì fèrèsé kì í sábà jẹ́ kí ìtànṣán yìí kọjá. Agẹmọ tó wà lẹ́yìn gíláàsì lè rí ìmọ́lẹ̀, kí ooru sì mú un, síbẹ̀ kò rí ohun tí egungun rẹ̀ ń fẹ́.

Ẹ máa wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ bí ọrun, tí kò lè di ẹ̀ka igi mú ṣinṣin, tí ó ń wọ́ ikùn nílẹ̀, tàbí tí àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀, àìsàn náà ti wọlé. Ahọ́n rẹ̀ tó máa ń ta jáde bí ọfà lè má lè dé ibi tí kòkòrò wà mọ́. Agẹmọ tó ń dijú lọ́sàn-án kò sàn. Ká má sì ṣi ìrìn jẹ́jẹ́ rẹ̀ tàbí àwọ̀ tó ń yí padà mú fún àìsàn o. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a nìyẹn. Egungun tó bá ti tẹ̀ kì í sábà padà tọ́, àmọ́ a lè dá àìsàn náà dúró kó má bàa burú sí i.

Ohun tó yẹ ká ṣe kò ṣòro. Ká kọ́kọ́ bọ́ kòkòrò náà fún ọjọ́ kan pẹ̀lú ewé moringa, ewédú tàbí kárọ́ọ̀tì, kí ó tó di oúnjẹ. Kí kòkòrò má ṣe fẹ̀ ju àlàfo tó wà láàárín ojú agẹmọ méjèèjì lọ. Lẹ́yìn náà, ká kó wọn sínú ọ̀rá pẹ̀lú ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù díẹ̀ tí kò ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ká sì mì í títí yóò fi bò wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. A lè ṣe èyí nígbàkígbà tí a bá ń bọ́ ọmọ agẹmọ. Èèpo ẹyin adìyẹ tí a sè, tí a sá gbẹ, tí a sì lọ̀ kúnná dáadáa, ní kálísíọ̀mù púpọ̀. Egungun lílọ̀ tí àwọn olùsìn adìyẹ ń rà kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀.

Ìyẹ̀fun tó ní fítámì D3 àti àwọn fítámì mìíràn kò gbọdọ̀ ju bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóṣù. Àṣejù níbẹ̀ léwu: D3 tó bá pọ̀ jù a máa kó kálísíọ̀mù jọ sínú kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ ni àpọ̀jù fítámì A náà ń pa wọ́n lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lọ oògùn fítámì ti ènìyàn fún un.

Ilé àwọ̀n tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ló yẹ ẹ́, kí ó rí oòrùn àárọ̀, kí ewé sì wà níbẹ̀ tó lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Omi inú abọ́ kì í sábà gbé e lójú. Omi tí a fọ́n sára ewé bí ìrì ló máa ń lá.

Àdéhùn àgbáyé CITES, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó agẹmọ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Ní tiwa, èyí tó wà nínú igbó sàn ní ibi tó wà. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì ti ń ṣàìsàn, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran nínú páálí tí a lu sí wẹ́wẹ́, kí ó fi ẹ̀ka igi kékeré sí i tí agẹmọ náà yóò dì mú, kí ó sì ṣàlàyé ohun tó ń jẹ, bí ó ṣe ń rí oòrùn sí, àti ìyẹ̀fun tí wọ́n ti fún un.