Ṣé o mọ̀? Ọtí, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ṣé o mọ̀ pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò wa ọkọ̀ rárá lè jẹ́jọ́ ọtí? Kí ẹni tó ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀ jọ̀ọ́ fetí sí èyí dáadáa. Bí èèyàn bá yó lóde àríyá, tó lọ sùn sínú ọkọ̀ rẹ̀ níta, tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, ọlọ́pàá lè kan gíláàsì kí wọ́n sì mú un lábẹ́ òfin ìrìnnà ti ọdún 1988. Àwíjàre wà: kí ó fi hàn pé kò jọ pé òun máa wa ọkọ̀ náà kí ojú òun tó dá. Ẹ̀rí ló máa gbè é, bíi táksí tó ti pè tàbí ìyàwó tó ń bọ̀ wá gbé e.

Òpin ọtí jẹ́ 35 máíkírógíráàmù nínú 100 mílílítà èémí. Ní Scotland, 22 ni láti ọdún 2014. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ní kéèyàn fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ, èyí tó kéré jù ni wọ́n sì ń lò. Ẹni tó bá kọ̀ láìnídìí gúnmọ́ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Lọ́yà ọ̀fẹ́ wà lóòótọ́, àmọ́ “mò ń dúró de lọ́yà” kì í ṣe ìdí.

Ẹni tó mutí wakọ̀, tí wọ́n dá lẹ́bi, kò ní wakọ̀ fún oṣù 12, ó kéré tán. Ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì láàárín ọdún 10, àìwakọ̀ náà di ọdún mẹ́ta, ó kéré tán.

Yíyó ní gbangba? Òfin ọdún 1872 ṣì ń ṣiṣẹ́ lé e, ó sì kan ọ̀mùtí tó ń da màlúù lójú pópó.