WỌ́N Ń FI BÀÁLÙ WÁ ÌJÌ KIRI!

Bí ojú ọjọ́ bá ṣú l'Áyétòrò, apẹja Ìlàjẹ a fa ọkọ̀ rẹ̀ gòkè. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń wọ bàálù lọ bá ìjì!

Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ NASA ti Amẹ́ríkà gbé bàálù DC-8 wá sí erékùṣù Sal, ní Cape Verde. Wọ́n tún padà wá lọ́dún 2022. Kí ni wọ́n ń wá lápá ọ̀dọ̀ wa? Ilẹ̀ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú ìjì tó ń wólé l'Amẹ́ríkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Á gba òkè Ọya kọjá kó tó bọ́ sórí òkun.

Wọn kì í kàn gbéra ṣáá o! Wọ́n á wo àwòrán sátẹ́láìtì, wọ́n á ya ọ̀nà sílẹ̀ ṣáájú, awakọ̀ á sùn dáadáa. Wọ́n á tọrọ àyè pẹ̀lú, kí bàálù mìíràn má baà wà nísàlẹ̀, torí ẹ̀rọ bí agolo gígùn ni wọ́n ń jù sínú ìjì, tòun t'agbòjò kékeré lórí. Bó ti ń já bọ̀ ló ń ròyìn afẹ́fẹ́, ooru àti ọ̀rinrin. Òkun ló ń gbé e mì níkẹyìn.

Ìjì wọ̀nyí kì í yà s'Ílàjẹ, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òkun tó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ l'Áyétòrò ńkọ́? Ta ló ń gbé bàálù lọ wo ìyẹn?