Ìgbàgbọ́ tí kì í jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ bi ọ̀dọ́ Krìstẹ́nì kan l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe fún Ọlọ́run, ìdáhùn kì í pẹ́: akọrin ni mí, àwa là ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mò ń ya fídíò ìsìn. Iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀, mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń parí sí. Ẹni tá à ń ṣe é fún ti wẹ̀, ó ti múra, ó sì ti rówó ọkọ̀ wá bá wa.

Àwọn ọ̀dọ́ yìí kan náà ló ń ráhùn pé ìgbàgbọ́ àwọn ti gbẹ. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n lọ sí ìṣọ́ òru, síbẹ̀ ó dà bíi pé ògiri ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ohun tó kù ni kí wọ́n jáde lọ bá ẹni tí ìyà ń jẹ nínú ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wà ní Paris, Frédéric Ozanam lorúkọ rẹ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń jiyàn, ó sì máa ń gbèjà ìjọ Kátólíìkì níbẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n bi í pé ohun tí ìjọ ṣe láyé àtijọ́ làwọn ń gbọ́, kí ni òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe fáwọn tálákà ìlú náà báyìí? (Ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwa náà lórí Facebook lójoojúmọ́ kọ́ nìyẹn?) Ozanam ò jókòó máa wá èsì tó máa dùn lẹ́nu. Lọ́jọ́ 23, oṣù kẹrin, ọdún 1833, ọjọ́ tó pé ọmọ 20 ọdún gan-an, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, èyí tá a wá mọ̀ sí Ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul. Sístà Rosalie Rendu, tó ti pẹ́ láàárín àwọn tálákà, ló fọ̀nà hàn wọ́n. Ẹgbẹ́ náà wà nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Kátólíìkì nílẹ̀ wa dòní.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé wọn ò fi pamọ́ pé ìgbàgbọ́ tàwọn fúnra wọn làwọn ń wá kó lágbára. Ilé onílé ni wọ́n sì ń lọ. Wọn ò pe èrò jọ.

Àwa ńkọ́? Tó bá di Disẹ́ńbà, a ó wọ T-shirt tí wọ́n tẹ orúkọ ètò sí, a ó kó ìrẹsì síta, kámẹ́rà á máa ṣiṣẹ́. Ẹ ò sì tíì gbàgbé Disẹ́ńbà ọdún 2024. Lọ́jọ́ 18, ọmọdé 35 kú sínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ ọmọdé kan ní Baṣọ̀run, n'Íbàdàn. Lọ́jọ́ 21, èèyàn 10 kú l'Ábújá níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ti fẹ́ pín nǹkan fáwọn aláìní. Mi ò ní sọ pé ọkàn burúkú ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ pè síta kó wá tò sórí ìlà ò tíì di ẹni tẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ gbàdúrà fún un lọ́la?

Àdúrà yẹn gan-an ló máa kọ́kọ́ yí padà. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, "Olúwa, ran àwọn aláìní lọ́wọ́" ò ní tó yín mọ́. Ẹ máa mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tán lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, pé ọmọ tó ń fowó ránṣẹ́ kì í gbé fóònù mọ́, pé òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹ sì lè rí i pé ìyá náà mọ àdúrà jù yín lọ. Nígbà míì wọn ò ní dúpẹ́, wọ́n tiẹ̀ lè bínú pé ẹ pẹ́. Sùúrù tá a fi ń kọrin lọ́jọ́ Sunday, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ẹ ní in.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ yìí kéré, kó ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Wọ́n ń gbójú fo àwọn opó kan nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́, ìjọ wá yan ọkùnrin 7 láti bójú tó o. Stefanu tí wọ́n sọ lókùúta pa wà lára wọn, Filippi tó lọ wàásù ní Samáríà náà wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn ni ìjọ fi lé wọn lọ́wọ́.

Owó dà? Òótọ́ ni, nǹkan le, owó ọkọ̀ lásán ń dunni. Àmọ́ ẹni tó máa tẹ̀ lé aláìsàn lọ sí ọsibítù, tó máa bá a tò gba káàdì, tó máa sáré lọ ra oògùn, kò dìgbà tó bá lówó rẹpẹtẹ. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó máa kọ́ ọmọ opó ní ìṣirò lọ́sàn-án Sátidé. Kẹ́ ẹ ṣáà fi fóònù sápò.

Lọ́pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, màmá kan máa ń wà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn opó àtàwọn aláìsàn, orúkọ wọn wà nínú ìwé kékeré kan nínú báàgì wọn. Ẹ lọ kí wọn lẹ́yìn ìsìn, kẹ́ ẹ gba orúkọ kan. Ẹ má tíì gba méjì. Kẹ́ ẹ tún bi wọ́n pé ìgbà wo ni ẹni náà máa ń wà nílé.