Kèké Lè Fúnni Láyè, Kò Lè Fúnni Ní Ara Líle

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà tàbí ti inú rírun. Ọ̀rọ̀ eré sísá ni. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù yóò ti gbọ́ nípa eré ẹlẹ́mìí ẹṣin tí wọ́n ń pè ní London Marathon, nítorí àwọn ọmọ wa tí ń gbé ibẹ̀ wà lára àwọn tí ń du àyè nínú rẹ̀. Akọ̀wé wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà, awakọ̀ wà; eré sísá kọ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá àyè náà wò, àti ewu tí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré yìí. Chris Brasher àti John Disley, tí àwọn méjèèjì ti gba àmì ẹ̀yẹ rí nínú ìdíje Olympic, ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn 6,255 ni wọ́n sá a dé òpin lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn tí ó sá a dé òpin di 56,640. Láti ìhà Greenwich ni wọ́n ti ń gbéra, wọn a gba orí afárá Tower Bridge kọjá, wọn a sì parí rẹ̀ ní òpópónà The Mall, nítòsí ààfin ọba. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ jáde ní Ìbàdàn tí ó sì rin ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, yóò ti súnmọ́ Ọ̀yọ́ kí ó tó dúró. Kì í ṣe eré ọmọdé.

Síbẹ̀, bí oyin ṣe ń ṣù bo afárá ni ènìyàn ń ṣù bo eré náà. Fún ti ọdún 2025, àwọn tí ó fi orúkọ sílẹ̀ pé kí wọ́n ṣẹ́ kèké fún àwọn ju 840,000 lọ. Fún ti ọdún 2026, wọ́n ju 1,100,000 lọ. Ká tilẹ̀ ní gbogbo àyè inú eré náà ni wọ́n ń fi kèké pín, nínú ogún ènìyàn, ẹnì kan péré ni ìbá rí i gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń fi kèké pín.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Yàtọ̀ sí kèké, ẹni tí ó bá ti sá irú eré yìí níbòmíràn láàárín àkókò tí ó yá gan-an fún ọjọ́ orí rẹ̀ lè béèrè àyè nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó yá. Àwọn ẹgbẹ́ sárésáré tí ó wà lábẹ́ òfin a máa gba àyè díẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, wọn a sì pín in láàárín ara wọn. Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú aláìsàn, ọmọ òrukàn àti aláìní. Àwọn wọ̀nyí a máa ra àyè sílẹ̀, wọn a sì fi í fún ẹni tí ó bá ṣèlérí pé òun yóò tọrọ owó jọ fún wọn. Owó náà a sábà máa tó £2,000 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà rere ni gbogbo ìwọ̀nyí, mi ò sì ní ẹ̀sùn kankan sí wọn.

Èyí tí mo ní ẹ̀sùn sí ni ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Báyìí ni ó ṣe máa ń rí: Lágbájá rí àyè, ó gba nọ́ńbà tí wọn yóò so mọ́ àyà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, kò lè sáré mọ́. Tàmẹ̀dù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kèké kò mú láti ọdún mẹ́ta, ní, “Jọ̀wọ́, fún mi ní nọ́ńbà yẹn, kí ó má baà ṣòfò.” Lágbájá fi ta á lọ́rẹ, tàbí kí ó tà á fún un. Lójú àwọn méjèèjì, oore ni wọ́n ṣe fún ara wọn. Lójú èmi tí ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ohun tí ó léwu ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yìn nọ́ńbà náà ni wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ àìsàn tí ó ń bá a jà sí, oògùn tí ó ń lò, èyí tí ara rẹ̀ kò gbà, àti ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni orúkọ ènìyàn lọ́jọ́ náà. Bí sárésáré bá ṣubú tí kò lè fọhùn, òun ni àwọn olùtọ́jú máa ń kọ́kọ́ yí padà wò. Ẹ wá wò ó pé Tàmẹ̀dù ni ó ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ AS, ó sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn nọ́ńbà ní ọkùnrin yìí kò ní àìsàn kankan. Òótọ́ ni pé dókítà yóò tọ́jú ohun tí ó bá fojú rí, ṣùgbọ́n ohun tí ìbá tètè mọ̀, kò ní tètè mọ̀ ọ́n. Wọ́n tẹ ìyàwó Lágbájá láago pé ọkọ rẹ̀ ti dákú. Ó ní, “Ọkọ mi kọ́ nìyí tí ó ń jẹun nínú pálọ̀?” Ìyàwó Tàmẹ̀dù ńkọ́? Ó wà ní òpópónà The Mall pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó ń na ọrùn wò ó bóyá bàbá wọn ń bọ̀. Kò sí ẹni tí yóò pè é, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ wà nínú eré náà.

Àwọn àgbà ní aṣọ àgbàwọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lápá, a ṣò ní ìbàdí. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni í bá ni mu. Nọ́ńbà àgbàsá burú ju aṣọ àgbàwọ̀ lọ, nítorí aṣọ kì í pààyàn. Òfin eré náà kò sì fi àyè gbà á. Ní ọdún 2018, ọkùnrin kan mú nọ́ńbà tí ó já bọ́ lára ẹlòmíràn lójú ọ̀nà, ó fi sá dé òpin, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ. Ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sì rán an.

Ohun tí ó yẹ kí Lágbájá ṣe rọrùn. Bí ara kò bá dá, kí ó kọ̀wé sí àwọn tí ó ni eré náà ṣáájú ọjọ́ eré pé òun yọwọ́, kí ó sì béèrè bóyá wọ́n lè gbé àyè òun sí ọdún tí ń bọ̀. Obìnrin tí ó bá lóyún tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ pẹ̀lú ní ètò tirẹ̀: láti ọdún 2022 ni wọ́n ti kéde pé irú wọn lè sún àyè wọn síwájú títí di ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, kí aboyún má ṣe sọ pé bí òun kò bá sá a lọ́dún yìí, ó tán.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n yíjú sí ẹni tí kèké mú. Inú rẹ̀ dùn, àwọn ará ilé ń kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n kèké kò béèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, kò sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìyẹn di iṣẹ́ tirẹ̀. Àárín ọdún ni wọ́n máa ń gbọ́ èsì kèké, oṣù Kẹrin ọdún kejì sì ni eré, nítorí náà àkókò wà. Ẹni tí ó bá gba àyè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláàánú nígbà tí ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni kí ó ṣọ́ra jù, nítorí ìtìjú owó tí àwọn ènìyàn ti dá lè mú un sáré nígbà tí ara rẹ̀ kò tíì tó o. Ẹ fi àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí sọ́kàn:

Èkíní, kí ó kọ́kọ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí àyà ti ń dùn nígbà tí ó bá ń sáré, tí òòyì ti gbé ṣubú rí, tàbí tí ẹbí rẹ̀ kan ti kú ikú òjijì ní kékeré, kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Èkejì, kí ó mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó ní. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an. AS kò ní kí ènìyàn má sáré. Ọ̀pọ̀ ni ó ń sá a láìsí ewu. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi agbára jù, tí ooru mú, tí omi ara sì gbẹ, iṣan ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí ó sì ba kíndìnrín jẹ́. Bí ẹsẹ̀ tàbí ìbàdí bá ṣàdédé rẹ̀ ẹ́ tàbí tí ó ń dùn ún kọjá bó ṣe yẹ, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó sì sọ fún àwọn olùtọ́jú pé AS ni òun. Ẹni tí ó bá jẹ́ SS kò gbọdọ̀ dá irú eré yìí lé láìgba àṣẹ dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó fi ẹ̀sọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí kò sáré rí, kí ó kọ́kọ́ máa rìn, kí ó wá máa pa ìrìn àti eré pọ̀, kí ó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó kéré tán, kí ó fi oṣù mẹ́rin gbára dì lẹ́yìn ìgbà tí eré kékeré ti mọ́ ọn lára. Kí ó sinmi lọ́jọ́ ìsinmi. Egungun ẹsẹ̀ tí kò rí ìsinmi lè sán.

Ẹ̀kẹrin, oúnjẹ. Ara a máa tọ́jú agbára oúnjẹ bí iṣu, ìrẹsì àti ẹ̀bà sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè tọ́jú kì í tó eré náà já. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń rí i pé ẹsẹ̀ di òkúta nígbà tí ó bá ku bíi máìlì mẹ́fà. Nítorí náà, kí ó jẹ oúnjẹ bẹ́ẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ méjì tí ó ṣáájú, kí ó jẹun díẹ̀ ní wákàtí méjì sí mẹ́ta kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa mu ohun aládùn díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Oúnjẹ tí kò jẹ rí, kí ó má ṣe dán an wò lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀karùn-ún, omi. Ọ̀pọ̀ rò pé bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tí ó bá pọ̀ jù a máa fọ́ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lójú, ọpọlọ a sì wú. Ní eré ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002, nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò lẹ́yìn eré, 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́ ni kí ó máa mu ún. Bí orí bá ń fọ́ sárésáré, tí ó ń bì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì lórí tí kò nídìí, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú.

Ẹ̀kẹfà, kí ó má ṣe gbé oògùn ìrora bí ibuprofen mì nítorí eré. Òun àti eré gígùn lè para pọ̀ ṣe kíndìnrín ní jàǹbá. Bí ibà bá ń ṣe é, tàbí tí ikọ́ ti wọ àyà, kí ó jókòó sílé. Kí ó sì bọ̀wọ̀ fún ooru. Ní ọdún 2018, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ eré dé ìwọ̀n 24. Lójú ẹni tí ń gbé Èkó, atẹ́gùn tútù nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú òtútù ni wọ́n ti ń gbára dì láti ìgbà pípẹ́, ooru kò mọ́ wọn lára. Ọkùnrin kan, ẹni ọdún 29, ṣubú nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, ó sì kú. Nígbà tí ooru bá mú, kí olúkúlùkù dín eré kù.

Ẹ̀yin tí kèké kò mú, ẹ má bínú. Oṣù tí ẹ fi sáré kò ṣòfò: ẹ̀jẹ̀ tí ó rọlẹ̀, oorun tí ó dùn, ara tí ó fúyẹ́, wọn kò ní kí ẹ dá wọn padà nítorí pé ẹ kò rí àyè. Eré kúkúrú pọ̀ tí àyè rẹ̀ kò nira, ọdún tí ń bọ̀ náà yóò sì dé. Nílé níbí pẹ̀lú, láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá irú eré yìí ní ìlú Èkó. Gbogbo ìmọ̀ràn yìí kan ẹni tí ó bá fẹ́ sá a, pàápàá èyí tí mo sọ nípa ooru.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá tẹ̀ yín láago láti Lọ́ńdọ̀nù pé òun rí àyè, ẹ bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: “Ṣé orúkọ tìrẹ ni ó wà lórí nọ́ńbà náà? Kí ni o kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀?” Bí ó bá dá yín lóhùn dáadáa, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì fi ọkàn balẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Ara yóò le.