Ọ̀nà Wo Ni Ká Gbà Gun Òkè Snowdon?

Ẹ ti gbọ́ pé ilé-ìwé Yorùbá wa fẹ́ lọ gun òkè Snowdon ní Wales nígbà ìsinmi ìgbà ooru, àti pé a máa sanwó fún amọ̀nà tó máa mú wa lọ. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa ní ìbéèrè kan tó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú WhatsApp àwọn òbí: ọ̀nà wo lẹ fẹ́? Àwọn bàbá kan ní ọ̀nà tó kúrú jù ni kí a gbà, ká lè tètè padà sílé. Àwọn màmá kan ń béèrè pé ṣé kò sí ọkọ̀ ojú irin ni. Mo ti gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú dádì mi, mo sì fẹ́ràn máàpù gan-an, ìdí nìyẹn tí olùkọ́ wa fi ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀.

Àwọn ará Wales ní èdè tiwọn bí àwa náà ṣe ní tiwa. Yr Wyddfa ni wọ́n ń pe òkè yẹn. Láti ọdún 2022 sì ni àwọn tó ń tọ́jú agbègbè náà ti ní orúkọ yẹn làwọn á máa lò, kódà tí wọ́n bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n Snowdon ló wà nínú fọ́ọ̀mù wa, nítorí náà Snowdon ni mo máa kọ. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,085. Òun ló ga jù ní Wales, ó sì ga ju gbogbo òkè tó wà ní England lọ. Ben Nevis ní Scotland ga jù ú lọ, mítà 1,345 nìyẹn.

Ọ̀nà 6 ló wọ́pọ̀ tí àwọn èèyàn ń gbà dé ṣóńṣó rẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa gbogbo wọn, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló kàn wá. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọ̀nà tó kúrú kọ́ ló rọrùn. Ìṣirò la máa fi yanjú rẹ̀.

Ní ọdún 1892, ọkùnrin ará Scotland kan tó ń jẹ́ William Naismith ṣe òfin kan tí àwọn tó ń gun òkè ṣì ń lò títí dòní. Tí a bá fi kìlómítà ṣe é, báyìí ló rí: fún kìlómítà 5 tí o bá rìn, ka wákàtí 1. Fún mítà 600 tí o bá gùn sókè, fi wákàtí 1 mìíràn kún un. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ọ̀nà Llanberis jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 14.5 ní àlọ àti àbọ̀, èèyàn sì máa gun mítà 975. Tí a bá fi 5 pín 14.5, ó jẹ́ 2.9. Tí a bá fi 600 pín 975, ó jẹ́ bíi 1.6. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 4 ààbọ̀. Ọ̀nà Pyg ńkọ́? Kìlómítà 11 ni, mítà 723 la sì máa gùn. 2.2 àti 1.2, ìyẹn ò tó wákàtí 3 ààbọ̀. Ẹ̀yin bàbá tó fẹ́ ọ̀nà tó kúrú, ó dà bíi pé ẹ̀yin lẹ jàre.

Ẹ dúró ná o. Àwọn tó ń tọ́jú òkè náà sọ pé ọ̀nà méjèèjì máa gba bíi wákàtí 6. Kí ló dé? Torí pé òfin Naismith ò mọ òkúta. Ibi tó ń jẹ́ Pen-y-Pass ni ọ̀nà Pyg ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ti ga tó mítà 359, ìdí nìyẹn tí ohun tó kù láti gùn ò fi pọ̀. Ṣùgbọ́n òkúta ló kún ọ̀nà náà, òkúta ńláńlá tó dà bí àtẹ̀gùn tí ẹni tó ṣe é ò ní rúlà. Ibì kan wà tí wàá gbé orúnkún dé ìgbáyà, ibì kan wà tí wàá lo ọwọ́. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tó bá gòkè gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Dádì mi máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kò mí hẹlẹ rárá nígbà tí à ń gòkè. Nígbà tí à ń sọ̀ ni orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá ń wo ọ̀nà, ẹ bi ara yín pé ṣé mo lè gba ibí yìí padà tí ó bá ti rẹ̀ mí?

Ọ̀nà Llanberis ló gùn jù, òun náà ló sì rọra ń gòkè jù. Ó fẹ̀, èèyàn méjì lè rìn pọ̀ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ẹ ò sì ní tètè ṣìnà torí pé ọkọ̀ ojú irin ń gba ẹ̀gbẹ́ yẹn kọjá. Láti ọdún 1896 ni ọkọ̀ ojú irin yẹn ti ń gun òkè náà. Kí n sọ òótọ́, ọ̀nà náà máa ń súni díẹ̀. Nígbà òtútù, ẹ má tìtorí pé ó rọrùn kẹ́ ẹ lọ síbẹ̀ láìní irinṣẹ́, torí yìnyín máa ń dì sí apá òkè rẹ̀, àwọn èèyàn sì ti yọ̀ ṣubú níbẹ̀ tí wọ́n kú. Ìgbà ooru ni àwa ń lọ ní tiwa. Fún ẹ̀yin màmá tó ń béèrè ọkọ̀ ojú irin: àwọn tó sanwó àlọ àti àbọ̀ ló ni ìjókòó wọn. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ gòkè ò lè ní ìdánilójú pé òun máa rí àyè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má gbára lé e.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni Miners' Track, ọ̀nà àwọn awakùsà. Láyé àtijọ́, wọ́n ń wa bàbà lórí òkè yẹn, wọ́n sì la ọ̀nà yìí kí wọ́n lè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Pen-y-Pass lòun náà ti bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́jú, ó sì fẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ máa rí adágún omi mẹ́ta: Llyn Teyrn, lẹ́yìn náà Llyn Llydaw tí wọ́n fi òkúta la ọ̀nà gba inú rẹ̀ kọjá, lẹ́yìn náà Glaslyn tí omi rẹ̀ ní àwọ̀ kan tí kì í ṣe búlúù, tí kì í ṣe ewé. Lẹ́yìn Glaslyn ni ojú á wá là. Ibẹ̀ ga bí ògiri, òkúta rẹ̀ ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, títí tó fi máa lọ pàdé ọ̀nà Pyg. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ẹ lè dé Glaslyn, kẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ yí padà, kó má sì ṣe yín bíi pé ẹ ò débì kankan. Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀, òun nìkan ni ìdajì rẹ̀ tó odindi.

Ọ̀nà Watkin kì í ṣe tiwa. Mítà 1,015 lèèyàn máa gùn níbẹ̀, òkúta kéékèèké tó ń yọ̀ ló sì wà lápá òkè. Ọdún 1892 ni wọ́n ṣí i, ọdún kan náà tí Naismith ṣe òfin rẹ̀. Gladstone tó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn ló wá ṣí i, ó sì ti lé ní ẹni ọdún 80. Ẹ má fìyẹn tan ara yín jẹ.

Ibì kan tún wà tó ń jẹ́ Crib Goch. Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan ti wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, kòtò wà lápá ọ̀tún, kòtò wà lápá òsì. Àwọn kan máa ń ṣèèṣì débẹ̀, torí ẹ̀bá ọ̀nà Pyg ni ọ̀nà rẹ̀ ti yà. Amọ̀nà tó mọṣẹ́ ò ní mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ òkè gbabẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù. Tí èèyàn 20 bá fẹ́ lọ, ta la máa wò ká tó mú ọ̀nà? Kì í ṣe ẹni tó lágbára jù. Ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀ ni.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, ní sickle cell. Àwọn àgbà máa ń pè é ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Mi ò fẹ́ràn orúkọ yẹn rárá, torí àbúrò mi kì í kú lónìí, kì í kú lọ́la, bísíkíìtì gbogbo ilé ló kàn máa ń jẹ tán. Ṣùgbọ́n òtútù, àìmu omi tó, àti wàhálà àṣejù lè mú kí ìrora bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, irú ìrora tó ń gbé wa dé ilé-ìwòsàn lóru. Ẹ wo nǹkan mẹ́ta yẹn dáadáa. Gbogbo wọn ló wà lórí òkè.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé ilé wa, mọ̀lẹ́bí wa kan ní kí mọ́mì mi má kọ ọ́ síbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni, pé tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ náà lọ. Mọ́mì mi ronú sí i fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ó bi dókítà rẹ̀, dókítà ní ó lè lọ, tó bá wọ aṣọ tó nípọn, tó ń mu omi lemọ́lemọ́, tó ń sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, tí kò sì wọ inú adágún bó ti wù kí ooru mú tó, torí omi ibẹ̀ tutù nini. Mọ́mì kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. (Òun àti àbúrò mi ló ní kí n kọ ọ́ síbí.) Amọ̀nà náà ò ní kó má wá. Ìbéèrè ló béèrè: báwo ló ṣe máa ń rìn jìnnà tó? Kí la máa rí lójú rẹ̀ tí kò bá ti dáa mọ́? Òògùn wo la máa gbé dání? Lẹ́yìn náà ló ní Glaslyn ni kí àbúrò mi dé, kì í ṣe ṣóńṣó òkè.

Àwa Yorùbá kì í fẹ́ kí ará ìta mọ àìsàn ilé wa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀nà ò lè fi ojú rí ikọ́ fée, kò lè fi ojú rí orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ohun tí ẹ bá sọ fún un ló máa fi mú ọ̀nà.

Ẹ̀yin náà lè bi í ní ìbéèrè. Ṣé ó ní ìwé ẹ̀rí Mountain Leader, èyí tí wọ́n fi ń mọ amọ̀nà tó kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí? Amọ̀nà mélòó ló máa wà pẹ̀lú wa? Ìbéèrè kejì yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Tí amọ̀nà bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tó sì rẹ ọmọ kan, gbogbo wa la máa padà, torí amọ̀nà ò lè pín ara rẹ̀ sí méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ká ní amọ̀nà tó pọ̀, kí ẹgbẹ́ kan gba Llanberis dé òkè, kí ẹgbẹ́ kejì gba ọ̀nà awakùsà dé Glaslyn. Tí a bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sí Pen-y-Pass, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti sanwó àyè sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ́ọ̀sì la máa wọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ẹgbẹ́ tó bá yín mu? Ìgbà wo lẹ rìn fún wákàtí 3 kẹ́yìn? Rírìn kiri ọjà Peckham kò sí lára rẹ̀, mọ́mì mi, ẹ má bínú. Ẹ lọ dán ara yín wò ní Box Hill ní Surrey. Láti etí odò dé òkè rẹ̀ kò tó mítà 200. Tẹ́ ẹ bá gùn ún, tẹ́ ẹ sọ̀, tẹ́ ẹ tún gùn ún lẹ́ẹ̀kejì, tí ẹsẹ̀ yín ò sì gbọ̀n, ẹ lè máa ro ti Llanberis. Àǹtí mi ní òun ò nílò ìdánwò, òun ti gun òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òótọ́ ni, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n oòrùn ló ń pani ní Ìdànrè. Ní Snowdon, tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 18, òkè lè jẹ́ 12, atẹ́gùn á wá fẹ́ lù ú, kùrukùru á sì bo gbogbo ibẹ̀ débi pé ẹ ò ní rí ẹni tó wà níwájú. Ẹ má wọ jíǹsì, tó bá ti rẹ, kì í tètè gbẹ. Tí amọ̀nà bá sì ní ká padà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé "a ti sanwó o".

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 999 la máa pè, ká ní ọlọ́pàá la fẹ́, lẹ́yìn náà ká ní Mountain Rescue. Àwọn tó ń wá yọni lórí òkè yẹn kì í gbowó, wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni. Tí fóònù ò bá sì lọ, fèrè la máa fọn, ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ká dúró fún ìṣẹ́jú kan, ká tún fọn. Àbúrò mi ló máa gbé fèrè tiwa. Mọ́mì mi ti ní kò gbọdọ̀ fọn ọ́n nínú bọ́ọ̀sì.