Igbà Adẹ́mu àti Okùn Kejì



Ní ọjọ́ tí a lọ sí Covington, ìlú kékeré tó wà ní ìlà-oòrùn Atlanta, a dúró níwájú ilé ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1884. Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ ọ, aago ńlá sì wà lórí gogoro rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ nípa ilé kíkọ́ béèrè pé, bí bíríkì kan bá mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago yẹn, báwo ni ènìyàn yóò ṣe dé ibẹ̀?

Nílé, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni kí àwọn bíríkìlà to ọ̀pá àti pákó láti ilẹ̀ dé òkè. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ nìyẹn, owó ńlá ni, wọn yóò sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù, nítorí bíríkì kan ṣoṣo! Àwọn tó ń fi okùn ṣiṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ń gbà gun òkè, wọ́n á so okùn wọn níbẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ dé ojú ibi tó bàjẹ́, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á ká okùn wọn, ó parí.

A rí irú rẹ̀ ní Washington. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì, àwọn òkúta kan lára Washington Monument, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 555, sì sán. Àwọn ẹnjiníà fi okùn sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti yẹ òkúta wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àtúnṣe gan-an dé ní 2013, irin ni wọ́n tò yí i ká. Okùn kò tó fún gbogbo iṣẹ́; a kò ní purọ́ fún yín.

Ẹ má sì rò pé ohun àjèjì ni. Igbà ni àwọn adẹ́mu wa fi ń gun ọ̀pẹ kí òyìnbó tó dé. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé igbà kan ni adẹ́mu ní; bí ó bá já, ó parí. Okùn méjì ni ti àwọn wọ̀nyí. Ọ̀kan gbé òṣìṣẹ́ dúró, èkejì ń ṣọ́ ọ, ibi ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì so ó mọ́. Wọ́n tún máa ń so irinṣẹ́ mọ́ ara kí ó má baà já lu ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀. Ẹnìkejì tó mọ bí a ṣe ń gbé ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí, nítorí ẹni tó bá dákú sórí okùn, tó sì pẹ́ níbẹ̀, lè kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń wá iṣẹ́ fèrèsé fífọ̀ nígbà ìsinmi. Òfin tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2016 sọ pé kí onílé kọ ìwé fún ọ̀gá iṣẹ́ pé òun ti dán ibi tí wọn yóò so okùn mọ́ wò, pé ó lè gbé ìwọ̀n pọ́n-ùn 5,000 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè ìwé náà kí ẹ tó gun òkè. Ọ̀kan nínú wa béèrè. Ọ̀gá náà bínú, ó ní kó máa lọ. Inú ilé ìkàwé ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí.