Aago Táíwò àti Aago Kẹ́hìndé

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti ibi gbogbo tí àjò gbé wa dé, lánàá, ẹnìkan béèrè bóyá lóòótọ́ ni ẹni tó bá ń sáré bí ìmọ́lẹ̀ kì í tètè dàgbà. Àwọn kan ní irọ́ inú fíìmù ni. Kì í ṣe irọ́ o.

Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1905, Albert Einstein ṣàlàyé pé bóo dúró, bóo ń sáré, iye kan náà ni wàá bá eré ìmọ́lẹ̀. Kíyẹn tó lè ṣeé ṣe, àkókò gan-an ló ní láti yí: aago tó ń sáré kọjá lára rẹ, wàá rí i pé ó ń falẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní Táíwò wọ ọkọ̀ lọ sínú òfuurufú, Kẹ́hìndé dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Táíwò ń fi ìdá 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún eré ìmọ́lẹ̀ rìn lálọ lábọ̀. Lọ́wọ́ tiẹ̀, ọdún kan péré ni, oúnjẹ ọdún kan ló jẹ, kò sì mọ̀ pé nǹkankan yí. Ó dé, ó bá Kẹ́hìndé tó ti lo ọdún mẹ́wàá. Kẹ́hìndé tó ti ń pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n tẹ́lẹ̀, ó wá di ẹ̀gbọ́n pátápátá!

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Sátẹ́láìtì tí máàpù inú fóònù dírẹ́bà wa ń lò, eré rẹ̀ ń fa aago rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Gíga tó wà lókè sì ń tì í síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọn ò bá tún un ṣe, láàárín ọjọ́ kan, máàpù á fi ohun tó ju kìlómítà mẹ́wàá lọ ṣìnà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará mi, bọ́ọ̀sì tiwa ò sáré tó bẹ́ẹ̀. Ọdún tí a lò lájò, ọdún náà ni wọ́n ń lò nílé. Èmi lo ọdún mẹ́fà ní Jọ́ọ̀sì láìdé Ògbómọ̀ṣọ́; nígbà tí mo dé, ìyá mi ní kí n sún mọ́ òun kóun tó mọ ẹni tí mo jẹ́. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ẹ pe ilé lálẹ́ òní. Ó dàárọ̀ o.